Casio CZ-101 nínú orin òde òní: ìbéèrè tí àwọn olórin ilẹ̀ Okun ń bi mí

Okun o. Láti ọjọ́ tí mo ti fi kííbọọ̀dù kékeré kan lu orin níbi ìdúpẹ́ kan ní Ìsánlú ni ìbéèrè kò ti dá mọ́. Àwọn kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan pè mí láti Kàbà àti Mọ́pà, ẹnì kan tiẹ̀ gbé tirẹ̀ tó ti kú wá bá mi láti Ìyàrà. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ni mo sì fi dáhùn wọn.

Kí ni CZ-101 yìí gan-an?

Kííbọọ̀dù ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan tí ìlù àti gìtá á máa dún fúnra wọn. Synthesizer ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń ṣẹ̀dá ohùn tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Iléeṣẹ́ Casio ti Japan ló ṣe é, ó sì jáde láàárín 1984 sí 1985. Nígbà yẹn, Yamaha DX7 tó jáde ní 1983 ni gbogbo olórin ń lé, àmọ́ owó rẹ̀ ń lọ sí 2,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 500 dọ́là ni wọ́n ń ta CZ-101. Kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, kíì 49 péré ni wọ́n fún un, wọ́n sì ṣe wọ́n ní kékeré bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọn kíì yẹn ló ń mú kí èèyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ tó dàgbà jù mí lọ ṣe?

Bó bá jẹ́ irú ohùn CZ nìkan lẹ ń wá, ẹ lè má ra ẹ̀rọ rárá. Iléeṣẹ́ Arturia ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ CZ V, ó sì sún mọ́ ojúlówó dáadáa. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lágbára, tí yàrá rẹ̀ kò sì gba ẹrù, kó lo ìyẹn.

Èmi ò lè fi tèmi sílẹ̀, torí mo mọ bí mo ṣe máa ń fi òru ṣòfò nídìí láptọ́ọ̀pù. Màá yẹ ohùn kan wò, màá yẹ òmíràn wò, aago méjì òru á lù, n kò tíì kọ ìlà orin kan. Nínú CZ, ohùn 16 ni iléeṣẹ́ fi sí i, àyè 16 ló sì wà fún tiyín. Kí n tó mu tíì tán, mo ti mú ohùn béèsì kan, orin sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohùn náà fúnra rẹ̀ tún ní bó ṣe ń ṣe é. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ kan tó ń ná Kàbà sí Lọ́kọ́ja, tó gbọ́dọ̀ dé ní agogo kan pàtó lójoojúmọ́. Bí awakọ̀ bá ń lọ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìrìn náà á tẹ́jú. Ohùn tó dán, tó rọ̀ bíi ti fèrè, nìyẹn. Bó bá sá eré gan-an ní ìdajì ọ̀nà, tó wá ń rá pálá ní ìdajì tó kù, agogo kan náà ló máa wọ Lọ́kọ́ja, àmọ́ ara àwọn èrò inú ọkọ̀ mọ̀ pé ìrìn náà yàtọ̀. Bí CZ ṣe ń ka ìgbì ohùn nìyẹn: ó sáré níbì kan, ó falẹ̀ níbòmíràn. Nítorí pé àkókò tó fi ń dé kò yí padà, ohùn kò gòkè, kò sì lọ sílẹ̀. Ìró rẹ̀ nìkan ló ń yí láti ti fèrè sí ti kàkàkí. Phase distortion ni Casio pè é.

Ohun tó tún wù mí ni pé ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ló fún ohùn láti gbà dìde, kó gbà sùn. Mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fún èèyàn. Mo fi mẹ́jọ yìí ṣe agogo kan: ó lu gbì lákọ̀ọ́kọ́, ó já wálẹ̀, ó tún gbéra díẹ̀, ó wá ń hó lọ títí tó fi pòórá. Ẹni tí kò mọ̀ rò pé a gba agogo gidi sílẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n kọ Ring sí lára ẹ̀rọ ni irin inú ohùn náà ti wá. Ibi tí wọ́n kọ Noise sí ni mo ti rí ohun tó jọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Báwo lẹ ṣe ń lò ó?

Iná yìí gan-an ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Bátìrì ńlá mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n kọ D sí lára, tí àwọn bàbá wa ń kì sínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò, ló ń gbé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì (volt) 1.5, mẹ́fà wá jẹ́ fóòtì 9. Bí wọ́n bá mú iná láàárín orin, ohùn kò ní já. A ti ṣe ìṣọ́ òru kan rí tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò dáhùn. CZ àti sípíkà kékeré kan tó ń lo bátìrì la fi kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn bátìrì wọ̀nyí ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: àwọn ló ń ṣọ́ ohùn tí ẹ bá ṣẹ̀dá sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá yọ wọ́n nígbà tí wáyà iná kò sí lára rẹ̀, ohun tí ẹ fi oṣù mẹ́ta ṣe á parẹ́. Ohùn 16 ti iléeṣẹ́ kò ní lọ, tiyín ni yóò lọ. Nítorí náà, ẹ ki ádápítọ̀ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ bátìrì.

Ọ̀rọ̀ ádápítọ̀ ló wá gba ìfarabalẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Fóòtì 9 ni CZ ń gbà, àmọ́ àárín ẹnu ádápítọ̀ rẹ̀ ni òdì (−) wà, etí rẹ̀ ni (+) wà. Èyí tó pọ̀ nínú ọjà wa lónìí, ti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti ti kámẹ́rà ojú ilé, àárín ni wọ́n fi (+) sí. Méjèèjì lè jẹ́ fóòtì 9, ẹnu méjèèjì sì lè wọ ihò náà ṣinṣin, síbẹ̀ ọ̀kan á gbé e dìde, èkejì á pa á. Bí mo ṣe pa àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó ta ádápítọ̀ fún mi ní fóòtì 9 ni fóòtì 9 ń jẹ́, mo gbà á gbọ́, mo ki í bọ̀ ọ́, ojú ẹ̀rọ sì ṣú lójú mi. Ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ló jí i padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó tí mo san sì dùn mí wọnú egungun. Lára ẹ̀rọ, nítòsí ihò iná, wọ́n ya àwòrán kékeré kan tó fi hàn bí (+) àti (−) ṣe wà. Ẹ wo ti ẹ̀rọ, ẹ wo ti ádápítọ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó ki í bọ̀ ọ́.

Àwọn kan ń lo wáyà tí ń sọ iná power bank di fóòtì 9 fún ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ (+) àti (−) ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà ní òdìkejì ti Casio. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín yí wáyà inú rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni wọ́n máa ń tà. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, torí Casio ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró tipẹ́. Ẹ mú bátìrì mẹ́fà tiyín àti ẹ̀rọ àfetígbọ́ (headphone) tí ẹ ó fi gbọ́ ọ dání. Ẹ ṣí ibi bátìrì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀: bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ti gbẹ mọ́ irin ibẹ̀, bátìrì ti ṣàn sínú rẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ orí irin nìkan ló dé, wọ́n lè ha á kúrò. Bó bá ti ṣàn wọ pákó iná inú lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ tẹ kíì kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún. Èyí tí kò dún kì í sábà ṣe ikú, eruku ló ń wà lábẹ́ rọ́bà rẹ̀. Ẹ wo ojú dígí kékeré tí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ń hàn lára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá ṣe é kà níbẹ̀, ìnira gidi ni, torí ibẹ̀ nìkan lẹ ó máa wò láti ṣẹ̀dá ohùn.

Báwo ni màá ṣe so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ohun kan ṣoṣo ló sì ń fà á: wọn kò ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ. Ohun méjì ni, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà.

Wáyà MIDI, tí ẹnu rẹ̀ ní irin márùn-ún, kì í gbé ohùn. Ẹ rántí bí olùdarí orin ṣe ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kéde nọ́ńbà orin. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe orin. Ìjọ ló máa kọ ọ́, ohùn tí ìjọ náà bá sì ní ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Kéde nọ́ńbà kan náà ní Kàbà àti ní Ìsánlú, orin kan náà ni, ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. MIDI ni olùkéde yìí: "tẹ kíì yìí, fi í sílẹ̀." CZ ni ìjọ. Ọdún 1983 ni MIDI délé ayé, títí dòní ni kííbọọ̀dù ọdún 1985 àti láptọ́ọ̀pù ọdún yìí ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn nítorí rẹ̀. 

Ẹ wá ra wáyà tó ń so MIDI mọ́ USB. Ẹnu rẹ̀ tí wọ́n kọ OUT sí, ẹ ki í bọ IN ti CZ. Èyí tí wọ́n kọ IN sí, ẹ ki í bọ OUT. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹnì kan, etí ẹlòmíràn ló ń wọ̀. Ẹ ṣọ́ra tó bá jẹ́ wáyà olówó pọ́ọ́kú, torí àwọn ẹlòmíràn nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìdàkejì. Bí kò bá dún, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹnu méjèèjì.

Nínú FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe orin, ẹ tẹ F10, ẹ lọ sí MIDI, ẹ mú orúkọ wáyà náà nínú àwọn Output, ẹ fún un ní nọ́ńbà Port kan, ká ní 5. Ẹ wá fi MIDI Out kún orin yín, ẹ fún òun náà ní Port 5. Ẹ jẹ́ kí channel rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀nà tí àṣẹ MIDI ń gbà, bá ti CZ mu. 16 ni gbogbo wọn, ẹ̀rọ tí ń retí àṣẹ lórí 1 kò ní dá ẹni tó pè é lórí 2 lóhùn. Bẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ohun tí ẹ kọ sínú FL á máa dún láti inú CZ.

Ìyẹn ni àṣẹ. Ohùn wá ń gba ihò Line Out tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ihò kan ṣoṣo ni, mono ni, ẹ má wá èkejì. Wáyà jákì tó tóbi bíi ti gìtá lẹ ó fi gbé e lọ sínú audio interface, àpótí tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì yí interface náà sí Line, kì í ṣe Mic. Bẹ́ ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, kí ibi tó ga jù lórí mítà má kọjá −12 dB. Lẹ́yìn náà lẹ lè fi chorus tàbí delay inú kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ sí òsì àti ọ̀tún. Ohùn CZ fẹ́ràn chorus púpọ̀.

Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ ní kété tí ìlà orin bá ti dára. Ẹ má sọ pé "MIDI rẹ̀ ṣì wà nínú FL, màá gbà á lọ́la." Lọ́la, bátìrì lè ti kú, ẹ̀gbọ́n yín lè ti gbé ẹ̀rọ lọ sí ìgbéyàwó.

Mo ń gbọ́ ariwo "hùù" lábẹ́ ohùn.

Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bí ariwo náà bá lọ, kì í ṣe CZ ló ní ìṣòro. Èmi máa ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà lórí bátìrì tirẹ̀, tí CZ náà wà lórí bátìrì mẹ́fà rẹ̀, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Bí mo bá tẹ kíì, ohùn ń pẹ́ kó tó jáde.

Ẹ wo ìwọ̀n buffer, ìyẹn bí ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde ṣe pọ̀ tó, nínú ètò ohùn kọ̀ǹpútà yín. Bó bá wà ní 1024, ìdádúró tó nǹkan bí ìdá 23 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa fà, ẹni tó ń lu kííbọọ̀dù sì máa mọ̀ ọ́n lára. Ní 256, nǹkan bí 6 ni. Ẹ tún rántí pé CZ ní ohùn tirẹ̀: bí interface yín bá ní bọ́tìnì Direct, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ óò máa gbọ́ CZ tààrà láìdúró de kọ̀ǹpútà rárá.

Ṣé fóònù lè bá a ṣiṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí Android yín bá gba wáyà OTG, ki wáyà MIDI-USB bọ̀ ọ́, FL Studio Mobile á rí i. Kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ló nira díẹ̀; ẹ nílò interface tí fóònù mọ̀ láìfi ètò kankan kún un.

Wọ́n ní kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn tẹ̀ ẹ́ rọra àti kéèyàn tẹ̀ ẹ́ le.

Òótọ́ ni. Bẹ́ ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, bẹ́ ẹ fi ìka kan ṣoṣo kàn án, bákan náà ló máa dún. Kì í sì í gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti inú MIDI. Ẹni tó bá fẹ́ lu dùùrù bí orin ìjọsìn ṣe ń rọ̀ tó sì ń le, kó wá kííbọọ̀dù mìíràn fún ìyẹn. Ní tèmi, béèsì, agogo àti ìlà orin tó ń dáhùn ohùn akọrin ni mo fi CZ ṣe, àwọn yẹn kò sì béèrè ìyàtọ̀ yẹn. Ibi tí mo bá ti fẹ́ kó rọlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ fa ìwọ̀n ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lórí mixer.

Ti pé kíì rẹ̀ kéré, ẹ fi kííbọọ̀dù ńlá yín darí rẹ̀ nípasẹ̀ MIDI. Ìka yín á rí àyè, ohùn CZ á sì jáde. Fún ìjọ tí ìyá kan ń gbé orin níbikíbi tó bá wù ú, bọ́tìnì Key Transpose wà níbẹ̀: ẹ gbé e sí ohùn ìyá náà, kẹ́ ẹ máa lu kíì tí ọwọ́ yín mọ̀.

Ṣé ohùn kan péré ló lè dún lẹ́ẹ̀kan?

Rárá. Bí ohùn náà bá lo ìlà kan (Line, orísun ìró inú ẹ̀rọ), kíì mẹ́jọ ló lè dún pọ̀. Bó bá lo ìlà méjì, mẹ́rin. Àmọ́ àṣírí kan wà tí n kò mọ̀ fún ọdún kan gbáko: bí ẹ bá gbé MIDI rẹ̀ sí mono, ó di ẹni mẹ́rin. Ohùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, channel mẹ́rin tó tẹ̀ léra, kíì kan lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ béèsì, agogo, fèrè àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jáde pọ̀ láti inú àpótí kékeré yẹn, mo pe àwọn ará ilé wá gbọ́.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú ohùn tí mo ti ṣẹ̀dá?

Ẹ rán an lọ sínú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ MIDI. Ohùn kan kò tó 300 báìtì, ó kéré sí àwòrán tó kéré jù lórí fóònù yín. CZ àti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa dá ara wọn lóhùn kí iṣẹ́ náà tó lọ, nítorí náà wáyà IN àti OUT gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀, ètò tí wọ́n sì ṣe fún CZ gan-an lẹ ó lò. Wáyà MIDI olówó pọ́ọ́kú máa ń já ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá ohùn padà sínú ẹ̀rọ tó kọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ ti yí Protect, bọ́tìnì tó ń dáàbò bo ohùn inú ẹ̀rọ, kúrò.

Èmi ṣì máa ń fi bírò kọ nọ́ńbà ohùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ìwé yẹn ló gbà mí lọ́dún tí láptọ́ọ̀pù mi bàjẹ́.

Kí ló máa ń bà á jẹ́ níhìn-ín?

Eruku ọyẹ́ ni. Láti oṣù December títí dé February, eruku á bo gbogbo ilé, á wọ abẹ́ kíì. Ẹ dá aṣọ bò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lò ó. Ẹ̀là aṣọ òfì ni mo fi bo tèmi. Bí kíì bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u, kó fi sípírítì àti òwú nu rọ́bà àti ojú pákó iná lábẹ́ rẹ̀, kó gbẹ dáadáa kó tó dè é. Bí ẹ bá sì ń lọ sí ìrìn-àjò oṣù kan, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ohùn yín sínú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá yọ bátìrì. Kí ohùn parẹ́ sàn ju kí bátìrì ṣàn sínú ẹ̀rọ.

Bí n kò bá rí CZ-101, èwo ni kí n wá?

Yamaha DX100, tó jáde ní 1985. Òun náà ní kíì kékeré 49, ó ń lo bátìrì, ó sì ní MIDI. Béèsì rẹ̀ le ju ti CZ lọ. Casio SK-1 ti 1986 máa ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, ó sì ń fi kíì lù ú, àmọ́ kò ní MIDI. Fọwọ́ lù ú, gbà á sílẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Mo ti rà á. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Mú ohùn tí wọ́n pè ní Synth. Bass. Mú ègbè kan tí o ti mọ̀ láti kékeré, kí o fi ọwọ́ òsì nìkan lu béèsì rẹ̀ títí tí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Gba ìyẹn sílẹ̀ sínú FL, láìfi ohunkóhun kún un. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n kọ DCW sí, ibẹ̀ ló ń darí bí ohùn ṣe ń le tó sì ń rọ̀. Yí nọ́ńbà kan ṣoṣo níbẹ̀, tún béèsì náà lù, tún gbà á sílẹ̀, kí o sì gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra.